Ọjọ́ tí Ọ̀gá Alákòóso Ṣí Àwo Kòkòrò

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìsọlọ̀ ní ọdún 1976, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú, ẹ ó rántí pé kò sí ẹni tí kò ní nǹkan tí ó fẹ́ ṣí. Ẹni tí ó kọ́lé ń ṣílé, ẹni tí ó ra mọ́tò ń ṣí mọ́tò, mo sì mọ ọkùnrin kan ní Òkè-Àfà tí ó pe ará àdúgbò jọ láti wá bá òun ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ń ṣí nǹkan láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣí tó Olóyè Olúbọ̀wálé Abórìṣàdé, Ọ̀gá Alákòóso Ilé-Ìwòsàn Ìrọ̀rùn. Ìtàn èyí tí ó ṣí kẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé èmi kì í ṣe olóyè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Olóyè kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ṣe dàgbà, ó sì jẹ oyè kan ní abúlé ìyá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kì í sọ pé òjò ń rọ̀. Yóò ní, "Ó ti hàn sí ọ́fíìsì yìí pé ojú ọ̀run ti gbé ìgbésẹ̀ tí ó yẹ." Akọ̀wé rẹ̀, Ṣàmsúdéènì, tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí ó máa tẹ lẹ́tà, kì í ráyè tẹ lẹ́tà, nítorí pé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ó ń yin ọ̀gá rẹ̀. Bí Olóyè bá sín, Ṣàmsúdéènì á ní kò sí ẹni tí ń sín bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ó bá yán, á ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní ọdún tí ó ṣáájú ni owó jáde láti kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn tí àìsàn wọn le jù, àwọn tí ó wà láàrin ikú àti ìyè. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù méjì àti ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí. Ohun tí ó dára ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Olóyè tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí ilẹ̀ rẹ̀. Sísítà Felicia, nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ni ìtọ́jú wọ́ọ̀dù náà níkàáwọ́, bẹ̀ ẹ́ pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ti ń kán sílẹ̀, ilẹ̀ tí a lè fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ni ó yẹ ibẹ̀. Olóyè dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ńlá ni yóò máa tẹ ibẹ̀, kò sì tọ́ kí ó yọ̀ wọ́n ṣubú. Bàsíà ìfọwọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Olóyè ní ó ń ba ẹwà jẹ́, ni ó bá ní kí wọ́n to òdòdó rọ́bà kún inú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí a ti ń fi obì ṣe àlejò nílé wa, kápúsù ni Olóyè fi ń ṣe àlejò ní wọ́ọ̀dù. Oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn ni, apá kan rẹ̀ pupa, apá kejì rẹ̀ yẹ́lò, bébà sì ni wọ́n ń pọ́n ọn sí ní méjì-méjì. Ẹni tí ó wá kí aláìsàn ń gbà, ẹni tí ó wá tún iná ṣe ń gbà, wọ́n fún oníwèé ìròyìn kan tí kò ṣàìsàn rí láyé rẹ̀. Àwọn aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì náà ń lò ó, ì báà wúlò fún wọn, ì báà má wúlò. Bí ara aláìsàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀, Olóyè á ní kí wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró, kí ti àlejò má baà tán.

Gàfárù Ògúnjìmí, ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti egbò nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí títí ó fi sú u. Ó ní kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí yìí, oògùn tí kò tó a máa pa àwọn ọ̀lẹ inú wọn, a sì máa fi àwọn alágbára sílẹ̀. Àwọn alágbára tí ó ṣẹ́kù ni yóò bímọ, ọmọ wọn á sì jọ wọ́n. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kápúsù yóò dà bí ẹ̀kọ mímu lójú wọn. Olóyè fetí sí i pẹ̀lú sùúrù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún un ní kápúsù méjì.

Wàyí o, ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ Olóyè. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé ni ó ń bẹ aláìsàn wò, pẹ̀lú ayàwòrán lẹ́yìn. Agbádá lẹ́ẹ̀sì ni ó ń wọ̀, èyí tí apá rẹ̀ gbòòrò tó aṣọ ìbora. Yóò ká a sí èjìká, yóò tún já bọ́. Yóò bọ aláìsàn àkọ́kọ́ lọ́wọ́, yóò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, yóò tún báńdéèjì rẹ̀ ṣe kí fọ́tò lè dára, apá agbádá á gbá orí egbò kọjá. Láti ibẹ̀ yóò kọjá sí ẹnì kejì, ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin. Kò fọwọ́ rí. Ibo ni yóò ti fọ̀ ọ́? Òdòdó rọ́bà ni ó wà nínú bàsíà.

Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di tí èèyàn kò lè fi rẹ́rìn-ín mọ́ ni Sàfúrátù. Ọmọbìnrin Ẹdẹ ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, Sẹ̀kínátù, jọ háyà yàrá kan ní Òṣòdì. Omi aró gbígbóná ni ó dà sí i lára níbi iṣẹ́, ó sì bó o láti ìbàdí dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, egbò náà tóbi ṣùgbọ́n ó mọ́, Dókítà Adéyínká sì sọ fún Sẹ̀kínátù pé kí ó fọkàn balẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò rìn. Olóyè bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé kìíní, ó tún bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé kejì. Kí ọjọ́ Ajé kẹta tó pé, egbò náà ti ń rùn, ara ọmọ náà sì gbóná débi pé kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Wọ́n fún un ní kápúsù, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ó wà nílé oògùn, kò sí èyí tí ó ràn án.

Ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni Baba Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà, káfíńtà Òkè-Àfà, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Òun ni ó kan ilẹ̀kùn ilé wa. Ojú abẹ tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí egbò Sàfúrátù, ó sì kú ní ọjọ́ Ẹtì. Mi ò ní ọ̀rọ̀ àwàdà kankan láti sọ lórí ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Gàfárù àti Sísítà Felicia wọ ọ́fíìsì Olóyè. Wọ́n ní kòkòrò kan náà ni ó wà lára gbogbo aláìsàn wọ́ọ̀dù, àfi kí wọ́n ti ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi omi oògùn fọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé láìfọwọ́. Sísítà rọra fi kún un pé ó jọ bí ẹni pé ohun kan tí ń ti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì ni ó ń gbé e kiri, òun sì fura sí apá agbádá.

Olóyè dìde. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alága Ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn, Màdáàmù Beatrice Akínbọ̀wálé, ń bọ̀ wá ṣàjọyọ̀ ọdún kan wọ́ọ̀dù náà, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé lẹ́yìn àjọyọ̀ ni yóò fi Olóyè jẹ Alákòóso Àgbà Pátápátá.

"Gàfárù," ni Olóyè wí, "lẹ́ẹ̀sì yìí ti Ọ́sítíríà wá. Ó fò nínú bàálù kí ó tó dé ọrùn mi. Kòkòrò wo ni ó ní ìgboyà láti gùn ún?"

"Kòkòrò kò mọ olóyè, sà," ni Gàfárù dáhùn.

Ṣàmsúdéènì mí kanlẹ̀. Olóyè sì ṣe ohun tí ó jẹ́ pé olórí kunkun tí kò gbọ́n nìkan ni í ṣe é: ó na apá agbádá rẹ̀, ó ní kí Gàfárù yẹ̀ ẹ́ wò, kí ayé lè mọ̀ pé kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ àfi lọ́fínńdà. Ó ní wọn kò tilẹ̀ ní wo èsì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Òun yóò ṣí i ní gbangba, lójú Alága.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, n óò sọ ọ́ kí ó lè yé yín. Gàfárù ní àwo dígí pẹlẹbẹ kan tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó fi òwú nu apá agbádá, ó fi pa ìdajì àwo náà. Ó fi òwú mìíràn nu egbò Sàfúrátù, ó fi pa ìdajì kejì. Lórí ìlà àárín ó to ìwé roboto kéékèèké mẹ́fà sí, tí wọ́n ti rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú oògùn ọ̀tọ̀. Oògùn tí ó bá lágbára, kòkòrò kò ní lè hù sún mọ́ ọn, àyíká rẹ̀ yóò mọ́ bí òrùka. Èyí tí kò bá lágbára, kòkòrò yóò hù dé etí rẹ̀. Márùn-ún nínú ìwé náà jẹ́ ti àwọn oògùn ilé-ìwòsàn. Ẹ̀kẹfà jẹ́ ti abẹ́rẹ́ tuntun kan tí ń jẹ́ jẹntamaísìn, ẹyọ ìwé rẹ̀ kan péré ni ọkùnrin kan tí ń polówó oògùn fi sílẹ̀ fún Gàfárù kí ó fi dán an wò. Gàfárù mọ̀ pé oògùn náà kò sí nínú ilé oògùn wọn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bóyá wọ́n á lè wá a lọ sí ibòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti àwo náà mọ́ inú àpótí amóoru, kí kòkòrò lè hù nínú ooru rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ti tó wò. Ṣùgbọ́n Olóyè ti so rìbọ́n mọ́ àpótí náà, ó ti fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò agbádá. Sísítà Felicia lọ bá a, ó kúnlẹ̀, obìnrin tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ó ní Dókítà Adéyínká ti sọ pé bí àwọn kò bá rí oògùn tí yóò ran Sàfúrátù kí ọ̀sẹ̀ tó parí, yóò kú, àti pé èsì tí wọ́n ń wá lè wà nínú àpótí yẹn. Olóyè gbé e dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní àánú ọmọ náà ṣe ọ́fíìsì òun gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ ìwé ètò: aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ ni ó wà níbẹ̀, wọn kò sì lè tún un tẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo rí ìwé ètò náà. Ó dán. "Ayẹyẹ Ṣíṣí Àwo Ìmọ́tótó" ni wọ́n kọ sí i lórí, ọ̀rọ̀ ìkíni méje ni ó sì wà níbẹ̀ kí ó tó kan àwo. Fún odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀, Sẹ̀kínátù jókòó sórí àkéte lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Bí ó bá bi àwọn nọ́ọ̀sì pé kí ni wọ́n ń dúró dè, ojú a máa tì wọ́n láti sọ pé rìbọ́n ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Wọ́n to àga sí iwájú yàrá Gàfárù, èéfín ilé ìdáná sì ń fẹ́ sí àwa àlejò lójú. Alága dé ní aago mẹ́rin kò-dín-kò-lé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Màdáàmù Beatrice fún ọgbọ̀n ọdún ní Abẹ́òkúta kí ó tó fẹ̀yìn tì, obìnrin kékeré tí kì í gbé ohùn sókè. Olóyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé òòrùn, ó fi wọ́ọ̀dù wé òṣùpá, ó fi àwo wé ìràwọ̀, nígbà tí nǹkan ojú ọ̀run tán ó kọjá sí orí àwọn odò. Ó ti sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kí Màdáàmù Beatrice tó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì bi í bóyá àwo náà ṣì wà.

Olóyè gé rìbọ́n. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ṣí àgádágodo, ó gbé àwo náà sókè kí gbogbo ayé lè rí i, apá agbádá rẹ̀ sì já bọ́ láti èjìká.

Gbogbo ojú àwo náà ti hù. Ìdajì ti agbádá nípọn bí ojú ògì tí ó ti dì, ìdajì ti egbò rí bákan náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí í ṣe ti ta. Gàfárù fi igi ìtọ́ka kékeré ń tọ́ka. Ó ní ti kápúsù pupa àti yẹ́lò nìyí, kòkòrò hù dé etí rẹ̀, ó tilẹ̀ gun orí rẹ̀. Ó mẹ́nu ba ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, bákan náà ni. Ìgbà tí ó dé orí ìkẹfà, ó ní kí a wò ó dáadáa. Òrùka wà yí ìyẹn ká, ó mọ́ kedere.

"Oògùn wo nìyẹn?" ni Màdáàmù Beatrice bèèrè.

Gàfárù ní jẹntamaísìn ni, àwọn kò sì ní in.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wo iṣẹ́ ẹnu. Ṣàmsúdéènì ti rí i pé ọ̀gá òun ń làágùn, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti gbé e dìde. Ó fò síwájú, ó ṣe ohun tí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta.

"A ní in, mà," ni ó wí tayọ̀tayọ̀. "Òun ni Olóyè ń gbà ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé fún agbára. Páálí mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù, Olóyè ní oògùn ńlá, ti èèyàn ńlá ni. Ó wà nínú fíríìjì ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tí ń gba irú rẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó."

Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Sẹ̀kínátù dìde lórí àkéte rẹ̀, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn kọjá láàrin àwọn àga títí ó fi dé iwájú Olóyè. Kò pariwo, kò ṣépè.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni ó wí, "níbo ni kọ́kọ́rọ́ fíríìjì náà wà?"

Olóyè ki ọwọ́ bọ àpò agbádá. Apá ọ̀tún ṣubú bo ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e, tòsì ṣubú. Ó ká a, ó já bọ́. Ó wá kọ́kọ́rọ́ náà, wá a, wá a, títí Sísítà Felicia fi sọ fún un pé kí ó kúkú bọ́ agbádá náà. Ó bọ́ ọ. Kékeré ni ọkùnrin tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ lójú wa, bùbá rẹ̀ sì ti ya lábíyá. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Sísítà mú kọ́kọ́rọ́, ó sáré.

Màdáàmù Beatrice kọjú sí ọkùnrin náà. Láti ìgbà tí ó ti dé ni ó ti ń pè é ní Olóyè, tí ó ń bá a sọ "ẹ". Nígbà tí ó la ẹnu, ohùn tí ó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni ó jáde.

"Na ọwọ́ rẹ."

Olóyè na ọwọ́. Màdáàmù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kí ó yí i padà, ó wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó lọ fọ̀ ọ́. Olóyè rìn lọ síbi bàsíà ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó dúró níwájú òdòdó rọ́bà, kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Gbogbo wa ni a ń wò ó tí ó ń yọ òdòdó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ti Olóyè pẹ́. Níwájú Ìgbìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ báyìí pé, "Ó ti hàn sí ọ́fíìsì yìí," Màdáàmù Beatrice sì sọ fún un pé kò ní ọ́fíìsì mọ́. Wọn kò lé e lọ pátápátá, nítorí ọmọ mẹ́fà tí ó bí. Wọ́n fi í ṣe alábòójútó ilé ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ti ń se aṣọ bẹ́ẹ̀dì nínú omi gbígbóná, tí kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kọjá ìgúnpá. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún un. Ní ti Ṣàmsúdéènì, ó padà sídìí iṣẹ́ títẹ lẹ́tà, wọ́n sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa.

Gàfárù sọ ohun kan fún mi lẹ́yìn náà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní òrùka tí ó yí ìwé kẹfà náà ká kò fẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ó ní bí Olóyè bá tún fi oṣù díẹ̀ gba abẹ́rẹ́ agbára rẹ̀, bóyá òrùka náà ì bá ti pa dé, kì bá sì sí ohun kankan mọ́ lórí àwo náà fún Sàfúrátù.

Ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Wọ́n ti wọ́ọ̀dù, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n gún Sàfúrátù ní abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án lóru, wọ́n sì gún un pé iye ọjọ́ tí dókítà kọ, wọn kò dá a dúró nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ tí ó máa ń pè é nílé, Sẹ̀kínátù sì sunkún tí àwọn nọ́ọ̀sì náà fi sunkún. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó fi igi rìn jáde.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ ni ọ̀nà gbà. Olóyè wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún aṣọ ìdọ̀tí. Nígbà tí ó rí Sàfúrátù, inú rẹ̀ dùn, mo sì gbà pé ó dùn lóòótọ́, nítorí pé ó sọ aṣọ náà sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i bí ó ti máa ń ṣe ní ọjọ́ Ajé.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí ó dá. Ọmọ tí a kọ́ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ó wí. "Ṣé ẹ ti fọwọ́?"

Olóyè wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn, ó sì wọlé lọ. A gbọ́ tí omi ń dà fún ìgbà pípẹ́, Sàfúrátù sì dúró dè é.